Bí ẹ ṣe máa yan ètò kámẹ́rà dróònù kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì pupa

Fídíò àkọ́kọ́ tí mo fi dróònù yà tí mo rò pé ó dáa, odò ni mo yà, nírọ̀lẹ́, oòrùn ti ń wọ̀. Mo gbé e sókè, mo kọjú rẹ̀ sí oòrùn, mo wá rọra yí i padà sórí afárá. Lójú fóònù, ó rẹwà. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì mí wò ó títí, ó ní, "Ṣé bátìrì ló ń tán lọ níbẹ̀ yẹn ni?" Òótọ́ ló sọ. Bí dróònù ṣe kọjú sí oòrùn, gbogbo ilẹ̀ ṣú dùdù. Bó ṣe ń yí kúrò níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tún ń padà wá díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń yí iná àtùpà sókè. Omi tó ń dán bíi wúrà níbẹ̀rẹ̀ ti di búlúù kí n tó dé orí afárá.

Kò sí ohun tó ṣe dróònù náà. Èmi ni mo fi gbogbo nǹkan sí Auto. Kámẹ́rà ń rò fúnra rẹ̀, ó sì ń yí èrò padà lójú ẹni tó ń wò ó. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání kò ju ẹyọ kan lọ: kí ohunkóhun má ṣe yí padà nínú kámẹ́rà láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì pupa títí dìgbà tẹ́ ẹ máa tún un tẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe èyí nìkan, fídíò yín á ti kúrò nínú ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kódà bí àwọn nọ́ńbà tẹ́ ẹ yàn kò bá tíì dáa tó.

Màá pe àwọn ètò wọ̀nyí ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lójú fóònù tàbí lójú rìmóòtù, torí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa bá wọn pàdé: Shutter, ISO, WB, ND, Histogram. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọn já yín láyà.

1. Káàdì ló ṣáájú

Káàdì ni dróònù ń kọ fídíò sí. Èyí tó bá ń fà nílẹ̀ máa ń dá fídíò dúró láàárín ọ̀nà, kò sì ní bi yín léèrè kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ara káàdì yín bóyá ẹ máa rí V30 tàbí U3. Ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ, pé ohun tó lè kọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ní dín sí mẹ́gábáìtì 30. Ọ̀pọ̀ dróònù kéékèèké tó ń ya 4K máa ń kọ nǹkan bíi 100 Mbps, ìyẹn mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Ẹ fi 8 pín in, ó di mẹ́gábáìtì 12.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 750 ní ìṣẹ́jú kan. Káàdì 64 GB á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 85, bátìrì mẹ́ta á ti tán kó tó kún.

Bẹ́ ẹ bá ti kó àwọn fídíò àtijọ́ kúrò lórí rẹ̀, inú dróònù gan-an ni kẹ́ ẹ ti tẹ Format, ẹ má ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ó tán níbẹ̀.

2. Ìwọ̀n àwòrán àti iye fíréèmù

4K jẹ́ píksẹ́lì (àwọn ẹyọ tótó tó para pọ̀ di àwòrán) 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró. 1080p jẹ́ 1920 àti 1080. Bẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin 1080p. Mo máa ń yà ní 4K kódà nígbà tí mo bá mọ̀ pé 1080p ni màá gbé jáde, torí pé àyè á wà fún mi láti gé etí àwòrán, láti tún un tò tí ilẹ̀ bá fì sápá kan, tàbí láti sún mọ́ ohun kan láìjẹ́ pé ó di ràkọ̀ràkọ̀. Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà yín bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́ ẹ bá ṣí 4K lórí rẹ̀, ẹ yà ní 1080p, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Fídíò tí ẹ kò lè tò kò wúlò fún yín. Bí dróònù bá béèrè H.264 tàbí H.265, ìyẹn ọ̀nà tó máa gbà fún fídíò pọ̀ sórí káàdì, H.264 ló rọrùn jù fún kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, H.265 kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àyè.

Iye fíréèmù ni iye àwòrán tí kámẹ́rà ń yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ máa rí 24, 25, 30, 50 àti 60, àwọn míì sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1920, nígbà tí ohùn wọ inú sinimá, ni 24 ti di ti àwọn onísinimá, ìdí sì nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé 24 ló máa jẹ́ kí fídíò "dà bíi fíìmù". Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní 24, bẹ́ ẹ bá yí dróònù kíákíá díẹ̀, àwòrán á máa fò tó-tó-tó, ọwọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í sì í lọ́ra. Ẹ mú 25 tàbí 30.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èwo nínú méjèèjì? Ẹ wo iná mànàmáná ibi tẹ́ ẹ wà. Ibi tí iná bá ti jẹ́ 50Hz (ìgbì àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ẹ mú 25. Ibi tó bá ti jẹ́ 60Hz, bíi ti Amẹ́ríkà, ẹ mú 30. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ gílóòbù ń ṣẹ́jú láìjẹ́ pé a rí i, ẹ̀ẹ̀kan fún ìdajì ìgbì iná kọ̀ọ̀kan: ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá níbi tí iná ti jẹ́ 50Hz, ìgbà 120 níbi tó ti jẹ́ 60Hz. Bí iye fíréèmù àti Shutter yín kò bá bá a mu, iná òpópónà á máa lù pì-pì-pì nínú fídíò alẹ́ yín, kò sì rọrùn rárá láti yọ ọ́ kúrò.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ṣáájú pé ẹ fẹ́ fa fídíò náà kó máa lọ jẹ́jẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ lo 60. Fídíò 60 tẹ́ ẹ bá gbé sórí 30 á lọ́ra ní ìlọ́po méjì. Fún ìgbì omi tó ń fọ́ sétí òkun, ó dùn wò. Fún ilé tó dúró sójú kan, ẹ kàn ń fi káàdì ṣòfò ni.

3. Ẹ kúrò ní Auto

Nínú áàpù tí ọ̀pọ̀ dróònù DJI ń lò, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún tó ń sọ AUTO tàbí PRO. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó di PRO. Lára dróònù míì, Manual tàbí M ló ń jẹ́. Láti ibi yìí lọ, ẹ̀yin lẹ ń pàṣẹ fún Shutter àti ISO.

Ẹnì kan lè ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra á lánàá ni, ẹ̀rù ṣì ń bà mí kó má já." Ó yé mi. Fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní Auto kẹ́ ẹ lè fojú sí bó ṣe ń fò. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì pupa, ẹ kọ́kọ́ ti ìmọ́lẹ̀ pa: àmì AE kan wà tó ní kọ́kọ́rọ́ lára, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà ò ní lè máa tan ìmọ́lẹ̀ sókè sódò mọ́. Ìyẹn ì bá ti gba ìmọ́lẹ̀ fídíò odò mi là; ti àwọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

4. Shutter: ìlọ́po méjì iye fíréèmù

Shutter ni ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú fún fíréèmù kọ̀ọ̀kan. 1/50 túmọ̀ sí pé bẹ́ ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà àádọ́ta, ìdá kan péré ló fi lajú.

Ẹ ju ọwọ́ yín síwá sẹ́yìn níwájú ojú yín kíákíá. Ẹ ò ní rí ìka márùn-ún geerege, ohun tó ń ṣe bí èéfín lẹ máa rí. Ojú wa ti mọ èéfín yẹn, òun ló ń sọ fún wa pé nǹkan ń lọ. Bí Shutter bá yá jù, bíi 1/2000, kámẹ́rà á gé èéfín náà kúrò pátápátá, gbogbo fíréèmù á mú bí abẹ, tẹ́ ẹ bá wá tò wọ́n pọ̀, àwọn igi á máa fò gìjà-gìjà kọjá lọ. Bó bá sì lọ́ra jù, gbogbo nǹkan á di kùrukùru.

Ìlànà táwọn onísinimá fi sílẹ̀ ni pé kí nọ́ńbà Shutter jẹ́ ìlọ́po méjì iye fíréèmù. Nínú kámẹ́rà wọn àtijọ́, àwo róbótó kan ló ń yí níwájú fíìmù, ìdajì rẹ̀ ṣí, ìdajì rẹ̀ dí. Ìdajì àyíká jẹ́ dìgírì 180, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa gbọ́ táwọn èèyàn ń pè é ní òfin 180. Fún tiwa: bẹ́ ẹ bá wà ní 24 tàbí 25, ẹ lo 1/50. Ní 30, ẹ lo 1/60. Ní 50, 1/100. Ní 60, 1/120. Ẹ óò rí i pé àwọn nọ́ńbà yìí náà ló bá iná mànàmáná mu. Okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀.

5. ISO: ẹ fi í sí 100, kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀

ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára ìtànná kún ìmọ́lẹ̀ tó wọlé. Bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e sókè ni àwòrán á máa mọ́lẹ̀ sí i, àmọ́ àwọn tótó kéékèèké bí eruku á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú rẹ̀, pàápàá níbi tó bá ṣókùnkùn. Kámẹ́rà dróònù kéré, kì í sì í fara da èyí bíi kámẹ́rà ńlá. Lọ́sàn-án, 100 ni. Ti alẹ́ ń bọ̀ níwájú.

6. Fílítà ND, àti bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó yẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n á fi Shutter sí 1/50, wọ́n á fi ISO sí 100, wọ́n á gbé dróònù sókè lọ́sàn-án gangan, gbogbo ojú fóònù á funfun báláú bí aṣọ tí wọ́n sá. Wọ́n á ní irọ́ ni òfin 180, wọ́n á padà sí Auto. Kì í ṣe irọ́. Ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù, a ò sì tíì bò ó.

Lára kámẹ́rà ńlá, èèyàn lè fún ojú lẹ́ńsì pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé lè dín kù. Lára ọ̀pọ̀ dróònù kéékèèké, ojú lẹ́ńsì kò ṣeé fún. Bí wọ́n ṣe ṣe é náà ló máa wà. Ti DJI Mini 2 jẹ́ f/2.8, ti Mini 4 Pro jẹ́ f/1.7, ẹ ò lè yí èyíkéyìí nínú wọn. (Ti Mavic 3 ṣeé yí, láti f/2.8 dé f/11, àmọ́ ìyẹn ti kúrò ní dróònù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.) Bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí f/1.7 ń gbà wọlé lé ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ti f/2.8. Ó dára lálẹ́, ó ń fa wàhálà lọ́sàn-án.

Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ fi jígí dúdú wọ kámẹ́rà, bí èèyàn ṣe ń fi awò dúdú bo ojú nínú oòrùn. Òun ni ND. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ń sọ ìdá tó ń jẹ́ kó wọlé: ND8 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ wọlé, ND16 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún wọlé, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé ND32, ND64 àti ND128.

Àwọn èèyàn máa ń fi ojú ọ̀run sọ èyí tí wọ́n máa lò, "kùrukùru, ND8; oòrùn, ND32." Ó ń jọ ọ́ nígbà míì. Èmi máa ń ṣírò rẹ̀, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣe é:

Mo máa ń gbé dróònù lọ sókè láìfi fílítà kankan sí i, ISO wà ní 100. Mo kọjú rẹ̀ síbi tí mo fẹ́ yà, mo wá ń yí Shutter títí tí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kọ M.M. sí lójú fóònù fi di 0. Mo wo nọ́ńbà Shutter. Ká ní ó jẹ́ 1/1600, tó sì jẹ́ 1/50 ni mo fẹ́. 1600 tí mo bá fi 50 pín jẹ́ 32. ND32 ni mo nílò. Mo bọ̀ sílẹ̀, mo pa dróònù, mo fi ND32 sí i, mo padà sókè, mo fi Shutter sí 1/50. Ìmọ́lẹ̀ á bọ́ síbi tó yẹ.

Bí ìdáhùn kò bá bọ́ sórí nọ́ńbà kan gan-an ńkọ́? Ká ní 1/1000 lẹ rí. 1000 tí a bá fi 50 pín jẹ́ 20. Kò sí ND20 nínú àpò yín. Ẹ mú ND16 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi Shutter sí 1/60. Kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀ láàárín 1/50 àti 1/60 lọ́sàn-án. Ìlànà ni, kì í ṣe àṣẹ ọba. Nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí dróònù f/1.7 bá béèrè ND128.

Ẹ ṣọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fi í sí i. Kí dróònù wà ní pípa, torí pé bó bá ti ń tàn ni gimbal tó gbé kámẹ́rà dání máa ń na ara rẹ̀ wò; bí ọwọ́ yín bá wà níbẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá fi fílítà sí i lẹ́yìn náà, ó lè máa ké tàbí kó dúró gbagidi. Kó sì jẹ́ fílítà tí wọ́n ṣe fún irú dróònù yín gan-an, torí pé gimbal mọ ìwúwo tó lè gbé.

Wàyí o, bẹ́ ẹ ò bá ní ND ńkọ́? Ẹ máa fò lọ ní tiyín. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ ni pé bí ẹ bá ti wà lókè téńté, bíi mítà 80 sí 100, ilẹ̀ ti jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìrìn rẹ̀ láàárín fíréèmù kan sí èkejì kò fi ní tó nǹkan. Èéfín ọwọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní hàn níbẹ̀ bó ti wù kẹ́ ẹ ṣe yan Shutter tó. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fò nílẹ̀, tẹ́ ẹ ń gba àárín igi kọjá, tẹ́ ẹ ń sáré lórí omi tàbí tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lé ọkọ̀ ni ND máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí kò bá sí ND, ISO 100, Shutter níbi tí M.M. bá ti jẹ́ 0, ẹ tì í pa, kẹ́ ẹ fò ga.

7. WB: àwọ̀ tó dúró sójú kan

WB ló ń sọ fún kámẹ́rà irú ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn. Kelvin ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè ti inú ilé sún mọ́ 3200, oòrùn ọ̀sán jẹ́ nǹkan bí 5600, ojú ọjọ́ tó ṣú jẹ́ nǹkan bí 6500.

Bẹ́ ẹ bá fi í sí Auto, bí dróònù ṣe ń kúrò lórí pápá tútù bọ́ sórí omi, kámẹ́rà á tún èrò rẹ̀ ṣe, àwọ̀ gbogbo ayé á yí padà. Èyí burú ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ, torí pé tẹ́ ẹ bá ń to fídíò, ẹ lè tan ìmọ́lẹ̀ kún ibi tó ṣú, àmọ́ àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá á gba gbogbo alẹ́ yín.

5600 fún oòrùn, 6500 fún kùrukùru, ó parí. Ohun kan máa ń rú àwọn èèyàn lójú: bẹ́ ẹ bá gbé nọ́ńbà náà sókè, àwòrán á máa pọ́n sí i, bẹ́ ẹ bá gbé e wálẹ̀, á máa di búlúù. Ẹ yí i síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan nílẹ̀ kójú yín lè rí i.

Fún ìrọ̀lẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní 5600. Auto gbà pé pípọ́n oòrùn ìrọ̀lẹ́ jẹ́ àṣìṣe tí òun ní láti tún ṣe, bẹ́ẹ̀ sì rèé, pípọ́n yẹn lẹ tìtorí ẹ̀ jáde nílé. Ohun tó pa wúrà orí odò mi rẹ́ nìyẹn.

8. Normal tàbí Log

Nínú ètò àwọ̀, ẹ máa rí Normal, ẹ sì lè rí D-Cinelike tàbí irú Log kan bíi D-Log M. Log máa ń pa ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn mọ́ ju Normal lọ, àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe yà á kọ́ lẹ ṣe máa gbé e jáde: á ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa fi àwọ̀ rẹ̀ padà síbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti rí fídíò Log tí ẹni tó yà á gbé jáde bẹ́ẹ̀, tó ní ó "dà bíi sinimá". Kò dà bíi nǹkan kan.

Normal ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí i pé ojú ọ̀run ń jó funfun nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ dáadáa, tó sì ń bí yín nínú, ẹ ti ṣe tán fún Log nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá dróònù yín ń ya 10-bit. 8-bit ní ìpele 256 fún àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù kọ̀ọ̀kan, 10-bit ní 1024. Bẹ́ ẹ bá fa Log 8-bit gùn jù, ojú ọ̀run á ya sí ìlà-ìlà.

9. Ẹ gba Histogram gbọ́, ẹ má gba ojú fóònù gbọ́

Nínú oòrùn, ojú fóònù máa ń parọ́. Ẹ rò pé àwòrán ṣú, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ kún un, ẹ délé, ẹ bá a tó funfun. Histogram kì í parọ́. Òkè kékeré kan ni lójú fóònù: apá òsì rẹ̀ jẹ́ òkùnkùn, apá ọ̀tún jẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí òkè náà bá ń gun ògiri ọ̀tún, ibi kan ti jó nìyẹn, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ pátápátá. Ohun tó ṣú díẹ̀ ṣeé fà jáde lẹ́yìn náà, ohun tó ti jó kò ní padà. Ètò kan tún wà tó ń fa ìlà abilà sórí ibi tó bá ń jó. Ẹ tàn án.

Mo máa ń gbé dróònù dé ìwọ̀n ibi tí mo ti fẹ́ yà, màá yí i po lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́, màá sì wo Histogram. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ lójú ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà ni mo máa ń fi ṣe ìwọ̀n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń tẹ bọ́tìnnì pupa, n kò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.

10. Gimbal, ìwọ̀n eré, àti àwọn nǹkan tó máa ń dà bí àṣìṣe kámẹ́rà

Ẹ fi dróònù sí C tàbí Cine, èyí tó lọ́ra jù. Nínú ètò gimbal, ẹ dín eré tí kámẹ́rà fi ń wo òkè àti ìsàlẹ̀ kù. Bó bá ń yára bí orí aláǹgbá, kò sí ND tó lè gbà á sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kó tó rìn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dúró fún márùn-ún mìíràn lẹ́yìn tó bá ti dúró. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi gé.

Bí ilẹ̀ bá fì sápá kan nínú fídíò, ẹ gbé dróònù sórí ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ tẹ Gimbal Calibration. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n bí òjìji inú omi tí wọ́n sọ òkò sí, ẹ wo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èékánná tọ etí wọn. Èyí tó bá ti ṣán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìlà dúdú bá ń sáré kọjá lókè àwòrán nígbà tẹ́ ẹ kọjú sí oòrùn, òjìji abẹ̀bẹ̀ ló ń bọ́ sójú lẹ́ńsì: ẹ tẹ kámẹ́rà wálẹ̀ díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ yà kúrò lọ́gangan oòrùn.

Bí dróònù yín bá ní AF (kámẹ́rà ló ń mú ohun tó máa hàn kedere fúnra rẹ̀) àti MF (ẹ̀yin lẹ ń mú un), ẹ tẹ ohun kan tó jìnnà lójú fóònù kó lè mú, kẹ́ ẹ wá yí i sí MF. Lára ọ̀pọ̀ àwọn kékeré, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa yí níbẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú

Ẹ yọ ND kúrò. Shutter dúró ní 1/50 tàbí 1/60 bó ṣe wà. ISO nìkan lẹ máa gbé sókè, láti 100 sí 200, sí 400. Lára dróònù kékeré, mo máa ń dúró ní 800, torí pé ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, eruku ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá ṣì ṣú ní 800, ẹ jẹ́ kó ṣú. Alẹ́ ni. Ẹ má lo Log lálẹ́, ẹ má sì ta ISO sókè títí tí ojú ọ̀run á fi mọ́ bí ọ̀sán. WB, ẹ gbìyànjú 4000 lórí iná òpópónà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó bá ojú yín mu.

Àkókò tó dáa jù kì í ṣe òru gan-an, ogún ìṣẹ́jú tàbí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ ni, nígbà tí iná ti tàn tí ojú ọ̀run ò sì tíì dúdú tán. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ń yí padà kíákíá lákòókò yẹn, nítorí náà ẹ ya ohun kúkurú, ìṣẹ́jú-àáyá 15 tàbí 20, ẹ dúró, ẹ tún M.M. wò, ẹ gbé ISO sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tún tẹ bọ́tìnnì.

Bẹ́ ẹ bá ti bọ̀ sílẹ̀, ẹ má tíì di ẹrù. Ẹ dúró sábẹ́ òjìji, ẹ ṣí fídíò tó kẹ́yìn lójú fóònù, kẹ́ ẹ wo ojú ọ̀run láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ojú ọ̀run nìkan. Bí àwọ̀ rẹ̀ tàbí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá yí níbì kan, ẹ ti gbàgbé ohun kan sí Auto. Bátìrì kan ṣì wà nínú àpò. Ẹ wá a rí, ẹ tì í pa, kẹ́ ẹ padà sókè.